Ìka Tó Ṣílẹ̀kùn ní Ọjọ́ Ìsinmi

Àtàǹpàkò ìyá àgbà náà kọ̀, kò fi àmì kankan sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì tún un rì sínú yíǹkì, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé bí ẹni ń lẹ sítáǹbù mọ́ lẹ́tà. Nígbà tó gbé e kúrò, àbàwọ́n kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò ní ìlà, kò ní àmì, ó kàn dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ lélẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Kò gbọ̀n, ọmọ mi. Kò kàn ní nǹkan tó fẹ́ bá ẹ sọ ni."

Ọkùnrin kan tó jókòó ti fèrèsé gbé ojú kúrò nínú ife tíì rẹ̀. Orúkọ tí òbí sọ ọ́ wà nínú fáìlì níbì kan, ṣùgbọ́n Kòkánjú ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá náà ń pè é, nítorí láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sẹ́ni tó tíì rí i kó sáré, òjò ì báà máa lé e bọ̀.

"Fi ìwé yẹn hàn mí," ó ní.

Sájẹ́ǹtì gbé e fún un, ó ń pòṣé. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ yá ni, ó fẹ́ràn ẹ̀rọ, kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ti tán tún máa pẹ́ nílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti tán láti àná.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹnìkan wọ yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi wò ní ilé-iṣẹ́ omi ìlú, ó tan kọ̀ǹpútà, ó sì fi èsì àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Èsì náà ní òjé wà nínú omi ẹ̀rọ àdúgbò ìsàlẹ̀ afárá, òjé tí ń wọ ọpọlọ ọmọdé tí kì í sì í jáde bọ̀rọ̀. Rédíò kà á síta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìlú sì dàrú. Ilé-iṣẹ́ omi ní olè ló jí èsì tí àwọn kò tíì fọwọ́ sí. Ilẹ̀kùn yàrá náà kì í ṣe ti kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀ tí ń ka ìka òṣìṣẹ́ kó tó ṣí. Wọ́n bi ẹ̀rọ léèrè ta ló wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo: Ìyá Afọgò.

Obìnrin tí ń fọ ìgò àyẹ̀wò ni, ó sì ti ń fọ̀ ọ́ láti ìgbà tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní bá lù, Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ omi yóò sọ̀rọ̀ lórí rédíò, yóò sì dárúkọ rẹ̀ fún gbogbo ìlú gẹ́gẹ́ bí olè.

"Ènìyàn ló ń parọ́, Ọ̀gá," Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ̀rọ ò mọ irọ́ pa."

"Òótọ́ ni," Kòkánjú dáhùn. "Kò mọ irọ́ pa. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá bi í náà ló mọ̀ ọ́n dáhùn."

Ó fa àga súnmọ́ ìyá náà.

"Mama, ẹ kú ìjókòó. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Kí ni ẹ̀rọ wí?"

"Ẹ̀rọ ní ẹ̀yin ni."

"Ẹ ò rí i? Ta ni mo jẹ́ tí n ó máa bá ẹ̀rọ jiyàn?"

"Ṣé ẹ mọ kọ̀ǹpútà lò?"

"Mo mọ̀ ọ́n nù."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Sájẹ́ǹtì, ó sọ ọ́ di ikọ́.

"Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Ẹ kọ ohun tó bá wù yín síbẹ̀, Ọ̀gá ọlọ́pàá. Ẹ̀yin lẹ ni bírò."

Kòkánjú ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó nínú yàrá yìí. Aláìṣẹ̀ máa ń pariwo. Ẹni tó ṣẹ̀ máa ń ṣàlàyé. Ìyá yìí kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó kàn jókòó, ó kó ara rẹ̀ jọ bí adìyẹ tó sàba, adìyẹ kì í sì í sàba lórí òfo.

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, Mama."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún fún un. Kòkánjú yí àtẹ́lẹwọ́ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Orí ìka márààrún dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí inú ìkarahun, kò sí ìlà kan tí ojú lè dì mú. Ó mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá tirẹ̀ fi ọṣẹ líle fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn títí ó fi jáde láyé. Ó rántí ọ́fíìsì akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́, bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, oòrùn ọ̀sán gangan, àti bí akọ̀wé náà ṣe ta ìwé tí ìyá òun tẹ̀ka sí padà sí i, tó ní kó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó wá. Kó lọ fọ ọwọ́! Fífọ̀ ló sì jẹ ọwọ́ náà tán. Ọdún yẹn, nílé ló jókòó sí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ kíláàsì kejì.

"Ṣé ọṣẹ ni, àbí kọ́stíìkì?" ó bi í jẹ́jẹ́.

"Méjèèjì. Ásíìdì nígbà mìíràn. Ìgò àyẹ̀wò kì í gba ẹ̀gbin."

"Sájẹ́ǹtì, bí yíǹkì kò bá rí nǹkan kà lórí ìka yìí, kí ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà rí kà?"

Sájẹ́ǹtì tún gbé ìwé náà wò. Ìyá Afọgò ló fa ọwọ́ rẹ̀ gbà bí ẹni tí iná jó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àná tí ẹ̀rù máa hàn lójú rẹ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

"Mama, láti àná la ti ń bi yín, ẹ ò jẹ́wọ́. Ìgbà tí mo rí i pé kò lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jẹ́wọ́." Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀. "Ta lẹ ń dáàbò bò?"

Ìyá náà yíjú sí ògiri.

*

"Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni," Sájẹ́ǹtì wí, bó ṣe ń wa ọkọ̀ gba ojú pópó. "Fóònù ló ń tún ṣe, ó mọ inú ẹ̀rọ bí ẹní mowó. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ìyá mọ̀. Ìyá ń bò ó."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká lọ kí i."

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Àwọn fóònù tí wọ́n ti tú ikùn wọn wà lórí tábìlì. Lókè orí wọn, rédíò kékeré kan ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú ló ń pe orí ètò láti ṣe àríyànjiyàn.

"Kí wọ́n kó gbogbo kọ̀ǹpútà dà sódò!" bàbá kan ń bínú. "Ìwé là ń lò tẹ́lẹ̀, a ò kú."

Obìnrin kan dá a lóhùn: "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ò dára, ìwé lẹ fi ń pè yìí ni?"

Ọkọ ọmọ Ìyá Afọgò rí aṣọ Sájẹ́ǹtì, ó sì já irin tó fi ń jó wáyà sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun. Ìyá wa kì í ṣe olè. Wọn kì í mú ọṣẹ ilé-iṣẹ́ wálé, ọṣẹ lásán!"

"Níbo lo wà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi?"

"Mo... mo ń ṣe rẹfirí ní pápá."

"Ta ló rí ọ?"

Kò tíì dáhùn tí ọkùnrin kan tó ń kọjá lójú ọ̀nà fi na ìka sí i. "Rẹfirí! Ọlọ́pàá ti mú ọ! Pẹ́nárítì tó o fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn ni, àbí? Ọlọ́run ò sùn!" Ẹni tó ń tà lódìkejì náà kígbe pé kí wọ́n má fi í sílẹ̀ o, láti ọjọ́ pẹ́nárítì náà, àná ni ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun.

Kòkánjú wo Sájẹ́ǹtì. "Ẹlẹ́rìí rẹ̀ pọ̀."

"Ọ̀gá," ọkùnrin náà wí, ojú ń tì í, "ẹ̀rọ ilẹ̀kùn yẹn kò so mọ́ ìta. Ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Ohun kan tún wà. Mo ra fóònù fún Ìyá, mo ní kí n fi ìka wọn tì í. Mo gbìyànjú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Fóònù ní òun ò rí ẹnìkankan."

"Kí ló dé tó ò sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ ò bi mí. Nígbà tí wọ́n wá mú Ìyá lánàá, wọ́n kàn bi mí bóyá mo mọ kọ̀ǹpútà ni."

Wọ́n padà sínú ọkọ̀. Ohùn Sájẹ́ǹtì ti lọ sílẹ̀. "Ṣé a ti mú ìyá arúgbó jókòó láti àná lórí ìka tí kò ní, Ọ̀gá?"

"A ti mú un. Wa ọkọ̀."

*

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-iṣẹ́ omi gùn, ó sì ń rùn bí oògùn tí wọ́n ń dà sómi. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló mú wọn dé yàrá àyẹ̀wò, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí kò sùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà náà ń tẹ̀lé e. Pásíwọọ̀dù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òun ni gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń wá bá bí wọ́n bá ti gbàgbé tiwọn.

Ẹ̀rọ náà wà lára ògiri níta, ó ń tan iná pupa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ń ṣọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ègé igi kan ló há a lẹ́sẹ̀, igi tí bàtà ti tẹ̀ títí ó fi ń dán.

"Kí lèyí?" Kòkánjú bèèrè.

Pásíwọọ̀dù wolẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú tó nípọn yọ síta láti inú yàrá, ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun ni igbá-kejì olórí ibẹ̀; Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é.

"Igi wa ni, sà. Bí ilẹ̀kùn bá ń pa dé, a ò ní lè ṣiṣẹ́, ọwọ́ wa kì í ṣófo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ á fi ìka ṣí i, á fi igi há a, ó di ìrọ̀lẹ́."

"Ta ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé?"

"Èmi ni."

"Ìyá Afọgò ńkọ́?"

"Ìyá ò fi ìka ṣí ilẹ̀kùn yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan ẹ̀rọ náà."

Kòkánjú yíjú sí Pásíwọọ̀dù. "Bi ẹ̀rọ rẹ fún mi. Láti ọdún tó kọjá, ìgbà mélòó ni ìyá náà ti fọwọ́ ṣílẹ̀kùn yìí?"

Pásíwọọ̀dù tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ìsinmi... tó kọjá yìí."

"Obìnrin tí ń wá síbí lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì wá bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ ní olè wọlé. Èyí ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu?"

"Ọjọ́ kan la bi í," Ọ̀gá Àgbà wí lọ́ra. "A ò bi í ní gbogbo ọdún."

Kòkánjú ti wọ inú yàrá. Ó ń rìn láàárín àwọn tábìlì bí ẹni tó wá ra nǹkan tí kò mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ó wo ìgò tó mọ́ lórí pẹpẹ. Ó wo àpótí ìtọ́jú ojú ọgbẹ́ lára ògiri, ó ṣí i, ó rí i pé báńdéèjì ti tán nínú rẹ̀, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ló padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Pásíwọọ̀dù, kí ló dé tó o fi yan ìka? Kí ló ṣe kọ́kọ́rọ́?"

Ara ọ̀dọ́mọkùnrin náà yá. Ìbéèrè tó mọ̀ nìyí. "Kọ́kọ́rọ́ ṣe é yá, sà. Pásíwọọ̀dù ṣe é sọ fún ẹlòmíràn. Ìka ńkọ́? Ta ló ń yá ènìyàn ní ìka?"

Kòkánjú wò ó, kò bínú sí i. "Sọ bó o ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà ní ìka wọn fún mi."

"Mo jókòó síbí yìí, nínú, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tò sọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń pe orúkọ, ẹni náà á fi ìka méjì kàn án lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan níta, iná aláwọ̀ ewé á tàn fún mi, mo pe ẹlòmíràn."

"Nígbà tó kan Ìyá Afọgò?"

"Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, kọ̀ ọ́, kọ̀ ọ́. Mo pariwo pé kó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀." Iṣan kan fò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kòkánjú. "Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbà. Ìka kan péré, mo ní ó tó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o rí ọwọ́ tó gbà?"

"Rárá, sà. Ojú mi wà lára kọ̀ǹp..."

Ó gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

"Ká ní ìka rẹ̀ kò wọlé lọ́jọ́ náà ńkọ́?" Kòkánjú bèèrè.

Ọ̀gá Àgbà ló fi ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni mo pàṣẹ. Mo ní ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá sí nínú ẹ̀rọ kí ọjọ́ tó rọ̀, kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnìkan lè wà tí iṣẹ́ wa ti jẹ ìka rẹ̀."

"Ẹnìkan yá a ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ yín ò parọ́. Ìka tó mọ̀ sí ti Ìyá Afọgò ló ṣílẹ̀kùn lóòótọ́. Ẹ bi í pé orúkọ ta ni. Ẹ ò bi í pé ìka ta ni."

Sájẹ́ǹtì ti yíjú sí Onígíláàsì, ẹni tí òógùn ti bo awò ojú rẹ̀. "Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ dé. O mọ kọ̀ǹpútà. Bọ́ síbí. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá!"

Ọkùnrin náà gbé ìgò sílẹ̀, ó fi ìka kan ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa. Pupa. Ìka méjì dárúkọ òun fúnra rẹ̀. Gbogbo ìyókù, pupa.

"Èmi kọ́," ó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀yìn Ìyá ni mo wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó wà níwájú wọn..." Ó wo Ọ̀gá Àgbà.

"Parí ọ̀rọ̀ rẹ."

"Dókítà Omi ni, sà. Ọ̀gá wa níbí."

"Kò lè jẹ́ òun!" Ọ̀gá Àgbà wí. "Ó ní ìka méjì tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bó bá wọlé, orúkọ tirẹ̀ ni ẹ̀rọ máa sọ. Àti pé kò sí nílé; láti òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé ni mo ti rán an lọ sípàdé nítorí ọ̀rọ̀ páìpù. Òní yìí ló ń dé."

Kòkánjú na ìka sí àpótí tó wà lára ògiri. Onígíláàsì ló bi. "Ta ló lo báńdéèjì inú àpótí yẹn tán?"

"Dókítà Omi náà ni. Ìgò fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìka ìlábẹ̀ àti àtàǹpàkò, èmi ni mo bá wọn dì í."

"Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún."

"Ìka wo ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ lórúkọ ara wọn?"

Pásíwọọ̀dù ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Àwọn méjèèjì yẹn náà ni."

*

Aago mẹ́rin ti súnmọ́ nígbà tí obìnrin kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì ìrìnàjò lọ́wọ́ òsì, báńdéèjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó kí gbogbo wọn, ó ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ti rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Afọgò dà? Mo rí ìpara kan tó dára fún ọwọ́ wọn rà lọ́nà."

Kòkánjú tẹ orí ba díẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Dókítà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mí. Ẹ dákun, kí ẹ tó wọlé, ẹ bá mi fi àtàǹpàkò òsì kan ẹ̀rọ yìí."

Ó wò ó bí ẹni tó rò pé eré ni, ó fi ìka náà kàn án. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Orúkọ Ìyá Afọgò yọ lójú ẹ̀rọ.

Dókítà Omi rẹ́rìn-ín. "Áà! Mo ti gbàgbé pátápátá. Èmi ni mo yá wọn lọ́jọ́sí, wọ́n fẹ́ lé wọn nítorí..." Ó rí ojú Onígíláàsì. Ẹ̀rín náà kú. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Láti àná ni Ìyá Afọgò ti wà lọ́dọ̀ wa ní àgọ́. Ẹ̀rọ ní òun ló wọlé lọ́jọ́ Ìsinmi."

Báàgì bọ́ sílẹ̀. Agolo ìpara inú rẹ̀ yí gbirigbiri gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mú un.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú báńdéèjì, mo fi òsì gbìyànjú, ó ṣí. Inú mi dùn pé ó ṣí, n ò wo orúkọ. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń retí kí ẹ pè mí. Mo ti ro ohun tí n ó sọ. Wọ́n sọ lórí rédíò pé ọwọ́ ti ba ẹnìkan, mo rò pé èmi ni wọ́n ń wí, pé wọ́n ń dúró kí n dé ni." Ó di ògiri mú. "Ìyá mọ̀! Wọ́n mọ̀ pé ìka mi ni. Wọn ò sọ?"

"Wọ́n ní àwọn ló ṣe é."

Dókítà Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Sájẹ́ǹtì yọ áńkáṣíìfù tirẹ̀, ó nà án sí i, ó sì wo ibòmíràn.

"Mo ní kí o dúró," Ọ̀gá Àgbà wí. Kò pariwo mọ́. "Páìpù tuntun tí a máa fi rọ́pò àwọn tó ń tú òjé sómi ń bọ̀. Bí o bá sọ fún ènìyàn pé kó má mu omi, tí o kò ní òmíràn fún un, kí lo ní kó mu?"

"Kó mọ̀, sà. Kó kàn mọ̀. Omi òkè afárá mọ́, wọ́n lè lọ pọn ọ́n. Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ ní kí n dúró, ọmọ kan tó wà níbẹ̀ ń rákò. Ó ti ń rìn báyìí, omi yẹn náà ló sì ń mu."

Ọ̀gá Àgbà wo Kòkánjú. "Ẹ mú un nígbà náà. Ẹ ti rí olè yín."

"Lórí ẹ̀sùn wo, sà?"

"Ó wọlé!"

"Yàrá ta ni?"

"Tirẹ̀ ni."

"Kọ̀ǹpútà ta ló tàn?"

"Tirẹ̀."

"Ohun tí ẹ fi pè wá ni pé olè fọ́lé. N ò tíì rí olè tó fi ìka ara rẹ̀ ṣí yàrá ara rẹ̀. Bó bá ṣe ohun tí kò tọ́ sí ilé-iṣẹ́ yín, ẹ jókòó, ẹ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín. Kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ tèmi ni ìyá tó wà ní bẹ́ǹṣì wa."

Fóònù Ọ̀gá Àgbà dún. Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń pè. Ó gbé e sétí, ohùn atọ́kùn ètò sì jáde kedere: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Gbogbo ìlú ń gbọ́ yín. Wọ́n ní ẹ ti mú olè náà. Ta ni?"

Ọ̀gá Àgbà wo ẹ̀rọ ara ògiri. Ó wo igi tó há ilẹ̀kùn. Ó wo obìnrin tí ń sunkún.

"Kò sí olè," ó wí. "Ẹ̀rọ dárúkọ, a sì yára gbà á gbọ́. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò omi náà wà níwájú mi. Ẹ jẹ́ kó sọ bí omi ṣe rí. Èmi á sọ ti páìpù tó bá parí."

Ó na fóònù sí i. Dókítà Omi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbà á. "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ afárá," ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó dúró, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

*

Ìyá Afọgò kò dìde nígbà tí wọ́n dé. Ó gbé ojú sókè, ó rí ẹni tó tẹ̀lé Kòkánjú wọlé, ó sì ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ta ló ní kó o wá? Ta ló bi ọ́ ní nǹkan kan?"

Dókítà Omi ti kúnlẹ̀. "Ẹ máa bínú, Mama. N ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀! Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Èmi ti darúgbó, kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú omi. Bí wọ́n bá lé ọ, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Orúkọ yín ni wọ́n fẹ́ gbà, Mama," Kòkánjú wí.

Ìyá náà fi ọwọ́ tó dán náà pa orí Dókítà Omi, ó pa á títí. "Ṣé wọ́n dá a lórí rédíò? Orúkọ mi?"

"Wọn ò dá a. Ọ̀gá Àgbà ní òun ń bọ̀ wá bẹ̀ yín lọ́la. Ó ní òun máa yọ ẹ̀rọ náà."

"Kó má yọ ọ́. Kí ló ṣe ẹ̀rọ? Kó fi kọ́kọ́rọ́ kan kún un fún irú àwa. Kó sì ra ìbọ̀wọ́ tó dára."

Sájẹ́ǹtì mú ìwé ìdásílẹ̀ wá. Bó ṣe mọ́ ọn lára, ó gbé páàdì yíǹkì lé e. Ó rí ohun tó ṣe, ojú tì í. Kó tó gbé e kúrò, Dókítà Omi ti na àtàǹpàkò òsì síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín nínú omijé. "Ṣé kí n tún bá yín tẹ̀ ẹ́, Mama?"

Ìyá Afọgò gbá ọwọ́ náà dànù. "Gbé e kúrò níbẹ̀! Èyí tó o yá mi lẹ́ẹ̀kan ti tó."

Ó na ọwọ́ sí Kòkánjú fún bírò. Ó fa ìwé náà súnmọ́ra, ó tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, gàdàgbà gàdàgbà, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ń fọ ìgò. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó gbé ìwé náà jìnnà sí ojú, ó wò ó dáadáa, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tí kò ní ìlà nu eruku kúrò lórí rẹ̀.